Báàtì Tó Fúyẹ́ Bí Ìyẹ́

Ẹni tó bá ti ra báàtì lọ́wọ́ Baba Pákó rí á rántí òfin ilé ìtajà náà, torí òfin ọ̀hún ò lẹ́gbẹ́. Èèyàn kì í ra báàtì níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á fi yá a lọ́jọ́ méje. Á gbé e lọ, á fi gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì níbi tó bá wù ú, bó bá wù ú kó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Lọ́jọ́ keje, á dá a padà sórí ìṣó tó ti mú un, á jókòó sí àga kékeré ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, á sì kọ èrò ọkàn rẹ̀ sínú ìwé ńlá kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ pupa. Bó dáa, kó kọ ọ́. Bí kò dáa, kó kọ ọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á tó máa sọ̀rọ̀ rírà.

Baba Pákó a máa sọ pé, "Báàtì dà bí ìyàwó. Ojú lásán kọ́ la fi ń yàn án."

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó máa ń dájọ́ ìdíje ní gbọ̀ngàn eré, tí gbogbo ayé ń pè ní Àǹtí Rẹfirí, á fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó tí wọ́n ń fi yáni lọ́jọ́ méje! Ẹ má jẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ o."

Ilé iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú báàtì orí ìṣó, àmọ́ oríṣi kan wà tó jẹ́ ti Bàbá fúnra rẹ̀: òun ló ń gé pákó rẹ̀, tó ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ìpele márùn-ún, tó ń gbẹ́ ìdìmú rẹ̀. Ìyẹ̀fun igi ò kúrò nínú irun rẹ̀ láéláé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé ewú ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń lẹ rọ́bà mọ́ báàtì. Ìyá rẹ̀ ti di olóògbé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti lọ sókè òkun, òun nìkan ló kù nílé. Kò sí báàtì tí kò ní gbé sórí ìwọ̀n kékeré tó wà lórí tábìlì rẹ̀ kó tó ṣí gọ́ọ̀mù, ìdí nìyẹn tí àwọn eléré fi ń pè é ní Òṣùwọ̀n. Wọ́n ní kì í ṣe báàtì nìkan ló ń wọ̀n, ó ń wọn ọkùnrin pẹ̀lú. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọkùnrin mẹ́ta ti wá wí pé àwọn fẹ́ fẹ́ ẹ, ó sì ti dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí ìṣó.

Báyìí ni nǹkan wà lọ́jọ́ tí onílẹ́tà gbé àpótí páálí kékeré kan wá láti òkè òkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Kò kọ ju gbólóhùn kan lọ sínú rẹ̀: "Fún ilé ìtajà." Báàtì ni, pákó rẹ̀ nìkan, láìsí rọ́bà. Ó tínrín bí bisikíìtì. Bí èèyàn bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á rí ìpele méjì kábọ́ọ̀nù, okùn dúdú tó le bí irin tó sì fúyẹ́, láàárín igi náà, bí ìlà tí wọ́n fi pẹ́ńsù fà. Òṣùwọ̀n gbé e sórí ìwọ̀n. Gíráàmù mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó gbé e kúrò, ó nu ìwọ̀n, ó tún gbé e lé e, iye kan náà ni. Ti bàbá rẹ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

Baba Pákó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ayùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó, kò fọwọ́ kàn án. "Ohun tó bá fúyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ni ín," ló wí, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó nídìí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti jẹ́ akọni nídìí tábìlì. Lọ́dún tó fi báàtì bàbá rẹ̀ sílẹ̀ tó mú oníkábọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ọdún yẹn náà ló lọ díje lókè òkun, ló bá jókòó síbẹ̀. Ọdún mẹ́rin, ìkíni ọdún tuntun nìkan la ń gbọ́. Bàbá a máa sọ pé irú báàtì yẹn ló jí ọmọ òun gbé.

Òṣùwọ̀n ò bá a jiyàn. Ó lẹ rọ́bà mọ́ ọn, ó sì gbé e kọ́ sórí ìṣó keje.

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, báàtì náà ò rí ojú ìṣó mọ́. Bí ẹnì kan ti ń dá a padà ni ẹlòmíràn ń nawọ́. Òṣùwọ̀n á sì ṣí ìwé láràárọ̀ láti wo ohun tí wọ́n sọ. Ọkùnrin tó ń ṣe búrẹ́dì kọ ọ́ pé: "Ó fúyẹ́ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wo ọwọ́ mi bóyá mo mú un dání. Bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́dọ̀ mi tán tó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kejì." Nọ́ọ̀sì kan kọ ọ́ pé: "Ọdún kẹjọ rèé tí ọrùn ọwọ́ mi kì í jẹ́ kí n parí géèmù kẹrin. Mo fi eléyìí gbá mẹ́fà, mo sì tún lọ síbi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹlòmíràn." Awakọ̀ kan ní: "Báàtì yìí ò ní bíréèkì, bẹ́ẹ̀ ló sì wù mí." Tíṣà àgbà kan ní: "Ó yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ẹ̀bi tirẹ̀ kọ́."

Lẹ́yìn gbogbo wọn ni ti ọkùnrin kan tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ rí wínníwínní bí ojú rírán:

"Lọ́jọ́ kìíní, mo rò pé báàtì yìí ń bínú sí mi ni. Gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń fò kọjá tábìlì. Lọ́jọ́ kẹta ló yé mi pé kò bínú, òtítọ́ ló ń sọ. Báàtì tó wúwo a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ fún èèyàn. Eléyìí kì í bò ó. Bí ọwọ́ mi bá wọ́ díẹ̀, kíá ló ń sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ keje, mo gbá bọ́ọ̀lù kan láti ẹ̀yìn, ìró rẹ̀ mú kí àwọn tó wà ní tábìlì kejì dúró wò mí. Mi ò gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé ìdìmú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún ọwọ́ tèmi. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lẹ rọ́bà rẹ̀? Etí rẹ̀ tọ́ ju etí kọ́là tí mò ń rán lọ. Èmi ni Télọ̀, òpópónà kejì."

Òṣùwọ̀n kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń gé etí rọ́bà, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ rí. Bí èèyàn bá ń yin ojú obìnrin, ó lè jẹ́ pé ojú rere rẹ̀ ló ń wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lóun nìkan, nígbà tí o rò pé kò sẹ́ni tó ń wò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti wọ inú ilé kó tó kan ilẹ̀kùn. Ó mú bírò, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sábẹ́ rẹ̀: "Èmi ni."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin gíga kan wọlé, okùn ìwọn-aṣọ sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó lọ tààrà sídìí ìwé, ó kà á, ó yíjú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni 'Èmi ni'?"

"Ẹ̀yin ni ẹlẹ́nu bí abẹ́rẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ìdìmú lọ?"

"Ẹ má bínú. Bó ṣe rí ni mo kọ ọ́."

"Mi ò bínú. Ẹ na ọwọ́ yín, ẹ jẹ́ n wò ó."

Ó nà án. Òṣùwọ̀n mú okùn ìwọn-aṣọ kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó fi wọn àtẹ́lẹwọ́ náà, ó wé téèpù tínrín mọ́ ìdìmú báàtì kábọ́ọ̀nù, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́. Télọ̀ dì í mú, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Ó ti bá mi mu," ló wí. Ẹni méjèèjì ò sì mọ bóyá báàtì ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni Télọ̀ ń yá báàtì mìíràn, lọ́jọ́ keje á padà wá kọ èrò rẹ̀. Òṣùwọ̀n á fèsì sí etí ojú ìwé, òun náà á fèsì sí èsì. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, wọ́n ti pa "ẹ" tì, "o" ni wọ́n ń pe ara wọn. Àǹtí Rẹfirí ṣí ìwé náà lọ́jọ́ kan, ó ní, "Háà! Ta ló ń bá ta tage nídìí báàtì? Mo rí 'ojú rẹ ò hàn lánàá, ọjọ́ náà gùn' níbí. Ṣé báàtì náà lójú ni?"

Àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn Télọ̀, torí píìnì kì í wọ́n létè rẹ̀. Àmọ́ tó bá sọ̀rọ̀, ohun tó rí ló ń sọ. Ìgbà kan wà tó sọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà kan pé aṣọ tó yàn máa mú kó jọ kọ́tìnì. Ìyàwó sunkún, ó yan òmíràn, ó sì padà wá dúpẹ́. Ìwà yìí ni Òṣùwọ̀n gbé lé ìwọ̀n inú ọkàn rẹ̀, tó rí i pé ó wúwo tó.

Ní oṣù kẹwàá, Télọ̀ bẹ Àǹtí Rẹfirí pé kó bá òun wí fún bàbá. Àǹtí lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí iṣẹ́, Òṣùwọ̀n sì fetí sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

"Ta ló rán ọ?"

"Télọ̀."

"Mi ò ní kó rán ṣòkòtò fún mi."

"Ṣòkòtò kọ́. Ọmọ yín ló fẹ́ fẹ́."

Ìró sáńpépà lára igi dákẹ́. "Ṣé ẹni tó kọ oríkì sílẹ̀ fún báàtì afẹ́fẹ́ yẹn nínú ìwé mi?"

"Òun náà ni."

"Ó ti yá gbogbo báàtì tó wà lórí ìṣó tán. Tèmi nìkan ló fò. Ìwọ náà ò rí i?"

"Bóyá ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ọkùnrin tó ń bẹ̀rù pákó, kí ló fẹ́ fi obìnrin ṣe?"

"Ọ̀kan sí òdo," ni Àǹtí wí. "Ẹ ti jẹ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ọmọ náà níṣẹ́ lọ́wọ́, ó níwà, kì í mutí, ọmọ yín sì ti ń rẹ́rìn-ín lásán nídìí gọ́ọ̀mù. Ṣé ẹ ò rí ìyẹn ni?"

"Mo rí i. Mo ti rí ọ̀kan tó nífẹ̀ẹ́ ohun tó fúyẹ́, ó sì ti fò lọ. Ṣé kí n tún fi èyí tó kù tọrẹ?" Ìró sáńpépà tún bẹ̀rẹ̀. "Sọ fún un kó wá mú báàtì tèmi. Ọjọ́ méje. Kó kọ èrò rẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá kà á."

Òṣùwọ̀n ló lẹ rọ́bà tuntun mọ́ báàtì bàbá rẹ̀ fún ìdánwò yìí. Rọ́bà tuntun a máa ní awọ tínrín kan lójú, tó mọ́ kedere bí omi. Ẹni tó bá fẹ́ gbá ló ń ṣí i kúrò. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ etí awọ náà mọ́lẹ̀ ní ojú méjèèjì, ó gbàdúrà sínú, ó sì gbé e fún Télọ̀.

Ọjọ́ keje pé. Télọ̀ wọlé, ó kí bàbá, ó gbé báàtì sórí tábìlì, ó jókòó sídìí fèrèsé. Kò pẹ́ tó fi kọ ọ́ tán, torí ó ní iṣẹ́ ń dúró de òun. Nígbà tó lọ, Baba Pákó wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì kà á sókè:

"Báàtì yìí ni ọba gbogbo báàtì. Ó yá, ó dúró, kò ní àbùkù kankan. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mi ò tíì rí irú rẹ̀. Ọlọ́run bùkún ọwọ́ tó ṣe é."

Baba Pákó tún un kà. Ó bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin rèé tí Òṣùwọ̀n ti rí eyín bàbá rẹ̀ gbẹ̀yìn. "Ọmọ gidi ni," ló wí. "Mo ṣì í rò. Àbúrò mi, lọ sọ fún un pé mo gbà. Kó máa pè mí ní bàbá."

Àǹtí Rẹfirí pàtẹ́wọ́. "Eré parí! Ẹ bọ ara yín lọ́wọ́!"

Inú Òṣùwọ̀n dùn débi pé kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ sí, ló bá mú báàtì náà láti gbé e kọ́. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti bọ́ sójú rọ́bà. Ohun kan dán. Awọ ni. Ó yí i sódìkejì, awọ wà níbẹ̀ náà, àmì àtàǹpàkò òun fúnra rẹ̀ sì wà létí rẹ̀ bó ṣe tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó lè fi awọ yẹn gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù á yọ̀ bí ẹsẹ̀ lórí ọṣẹ. Ọjọ́ méje ni báàtì lò lọ́dọ̀ Télọ̀, kò gbá ẹyọ kan.

Bàbá ń kọrin nídìí ayùn. Ìyìn ti bò ó lójú, kò tilẹ̀ wo báàtì.

Ọkàn Òṣùwọ̀n pín sí méjì. Ọ̀kan ní: panu mọ́. Bàbá ti gbà, o ti dàgbà, ta ni yóò mọ̀? Fi èékánná ṣí awọ, jù ú nù, kó o máa múra ìgbéyàwó. Èkejì ní: bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó gbé báàtì sínú àpò, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé ṣọ́ọ̀bù Télọ̀. Télọ̀ ń rán ọwọ́ aṣọ kan, píìnì márùn-ún wà lẹ́nu rẹ̀. Òṣùwọ̀n gbé báàtì lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tẹ ìka mọ́ awọ náà. Télọ̀ wò ó. Ó yọ píìnì lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi gún tìmùtìmù kékeré ọrùn ọwọ́ rẹ̀, títí gbogbo wọn fi tán.

"Ìgbà wo lẹ fi í gbá?" Ó ti padà sí "ẹ" tí wọ́n ti pa tì láti oṣù méje sẹ́yìn. Télọ̀ gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Mi ò fi í gbá."

"Kí ló dé?"

"Bí mo bá fi í gbá tí kò bá dáa ńkọ́? Màá ní láti kọ ọ́. Bí mo bá kọ ọ́, mo pàdánù rẹ. Mo wá rò ó pé ohun tí ojú ò bá rí, ẹnu ò ní lè sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fọwọ́ kan ti bàbá láti oṣù mẹ́wàá."

"Ẹ̀yin tẹ sọ fún ìyàwó ojú ọ̀nà pé ó jọ kọ́tìnì!"

"Kì í ṣe ọmọ bàbá ìyẹn ni mo fẹ́ fẹ́."

Lọ́jọ́ mìíràn, Òṣùwọ̀n ì bá rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́," ló wí. "Kì í ṣe gíga yín ni mo rí. Kì í ṣe iṣẹ́ yín. Ìwé yẹn ni mo rí. Ẹ ti kọ oríṣiríṣi nǹkan nípa mi sétí ìwé yẹn, mo sì gbà á gbọ́. Bí mo bá padà lọ kà wọ́n báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tí awọ ṣì wà lójú rẹ̀?"

Òṣùwọ̀n fi èékánná mú etí awọ, ó ṣí i kúrò lójú kìíní, ó ṣí i kúrò lójú kejì, ó ká méjèèjì sápò. Ó fi báàtì sílẹ̀ níbẹ̀. "Ọjọ́ méje," ló wí, ó sì jáde.

Ọjọ́ méje yẹn gùn ju oṣù mẹ́wàá lọ. Nílé, bàbá ń pe Télọ̀ ní ọmọ mi, Àǹtí ń béèrè irú bàtà tí ìyàwó máa wọ̀, Òṣùwọ̀n sì ń dáhùn bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu. Ó lẹ rọ́bà kan wọ́, ó tú u, ó tún un lẹ̀, ó tún wọ́. Ṣé òun ò ti wọn ọkùnrin náà jù? Ta ló wà láyé tí kì í bẹ̀rù? Ẹni tó ń wá báàtì tí kò lábùkù, ọwọ́ òfo ni yóò gbé lọ sídìí tábìlì. Ṣùgbọ́n bó bá rántí ojú rọ́bà tó ń dán yẹn, ọkàn rẹ̀ á tún le.

Lọ́jọ́ keje, Télọ̀ wọlé. Àǹtí Rẹfirí ń mu tíì lọ́wọ́. Bàbá yọjú pẹ̀lú ẹ̀rín: "Káàbọ̀, ọmọ mi."

Télọ̀ kúnlẹ̀ láàárín ilé ìtajà. "Bàbá, ẹ má tíì pè mí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo kọ fún yín."

Tíì Àǹtí dà sórí àwo. Télọ̀ dìde, ó ṣí ìwé, ó fa ìlà kan gbọọrọ la ìyìn ọjọ́sí já, ó sì kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pẹ́ kó tó gbé bírò sílẹ̀.

"Kà á," ni Baba Pákó wí.

Télọ̀ kà á sókè:

"Ohun tí mo kọ sókè, irọ́ ni. Mi ò ṣí awọ ojú rọ́bà. Ní báyìí mo ti fi í gbá fún ọjọ́ méje. Orí rẹ̀ wúwo. Bó bá ti di géèmù kẹta, ọrùn ọwọ́ ń dùn mí, mo sì ń pẹ́ kí n tó bá bọ́ọ̀lù kúkúrú. Kò yá bí oníkábọ́ọ̀nù, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ẹni kejì bá gbá bọ́ọ̀lù tó le wá, kò sí báàtì tó mọ bí a ti ń gbà á bí eléyìí. Ó ń dúró dè mí. Nínú gbogbo báàtì ilé yìí, ìdìmú rẹ̀ nìkan ni kò ní kí wọ́n wé téèpù mọ́ ọn fún mi. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ ọwọ́ èèyàn. Bí orí rẹ̀ bá lè fúyẹ́ díẹ̀ sí i, màá ní báàtì méjì nínú àpò mi títí láé."

Baba Pákó nawọ́, ó gba báàtì rẹ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ tó sọnù. Ó wọ yàrá iṣẹ́ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Àǹtí Rẹfirí fi ohùn kékeré sọ pé, "Mo ti dá ìdíje fún ọdún méjìlélógún. Mi ò mọ ẹni tó jẹ eléyìí."

Òṣùwọ̀n sin Télọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. "Bó bá kọ̀ ńkọ́?" ni Télọ̀ béèrè.

"Màá sunkún," ló wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ ni màá sunkún fún."

Télọ̀ gbọ́ "ìwọ" yẹn, ó sì gbé e lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, bàbá ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Àǹtí bẹ̀ ẹ́, ó fi àwàdà wá a, ó bú u, kò sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà. Láràárọ̀, kí oòrùn tó gbóná, Òṣùwọ̀n ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù lára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ìró báàtì igi bàbá rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. "Kò, kò" ló ń dún. Èyí ń dún "kẹ́n, kẹ́n." Ó lọ wo ìṣó keje. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yá a lọ. Ó rọra padà sídìí gọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá ní kí wọ́n pe Télọ̀ wá. Ó jókòó sídìí tábìlì Òṣùwọ̀n, níwájú ìwọ̀n. Ó gbé báàtì rẹ̀ lé e. "Ka nọ́ńbà náà fún wọn."

"Méjìdínláàádọ́rùn-ún," ni Òṣùwọ̀n kà. Gíráàmù mẹ́jọ ti lọ.

"Ọdún mọ́kànlá ni mo ti mọ̀ pé orí rẹ̀ wúwo," ni Baba Pákó wí. "Gbogbo wọn ló ń yìn ín nínú ìwé mi. Wọ́n á yìn ín tán, wọ́n á ra òmíràn. Mo ń bi ara mi pé, bó bá dáa tó báyìí, kí ló dé tí kò kúrò lórí ìṣó? Ẹnì kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún mi rí lójú mi. Ọmọ mi ọkùnrin ni." Ó gbé ojú sókè. "Ẹ̀yin rò pé báàtì fúyẹ́fúyẹ́ yẹn ló gbé e lọ. Èmi ni mo ní kẹ́ ẹ máa rò bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kọ́ o. Ó ní, 'Bàbá, orí rẹ̀ wúwo,' mo sì ní kó jáde nílé mi."

Àǹtí Rẹfirí fọwọ́ bo ẹnu.

"Télọ̀, nígbà tó o kúnlẹ̀ níbí yẹn, bí ẹni pé òun ló padà wọlé ni. Mi ò lè lé ẹni méjì jáde fún òtítọ́ kan náà." Ó ti ìwé pupa síwájú Òṣùwọ̀n. "Ojú ewé tó gbẹ̀yìn. Kà á, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."

Ojú rẹ̀ ríran. Omi ló wà níbẹ̀. Òṣùwọ̀n ṣí i, ó rí ọwọ́ ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, tó tóbi, tó gbilẹ̀, tí kò sí nínú ìwé náà rí:

"Báàtì kábọ́ọ̀nù, ìṣó keje. Mo fi í gbá fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, torí méje ò tó mi. Mo wá àbùkù rẹ̀ tọkàntọkàn. Ó fúyẹ́ bí ìyẹ́, apá mi ò mọ̀ pé òun ń ṣiṣẹ́. Ó yá débi pé bọ́ọ̀lù ti ara ògiri padà dé kí n tó mí. Ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́ jù mí lọ, kò sì dùn mí bí mo ṣe rò. Mo ti ń sọ ọ́ kiri pé ohun tó bá fúyẹ́ kì í padà wá. Mo ṣì í sọ. Ó ń padà wá, bí ògiri bá dúró dè é."

Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ gbólóhùn kan sí i: "Mo gbà kí Télọ̀ fẹ́ ọmọ mi."

Télọ̀ fẹ́ tún kúnlẹ̀, bàbá fà á sókè. "Dúró. Òfin ọjọ́ méje ò kan èyí o. Ẹni tó bá mú ọmọ mi, kò sí ìṣó tí yóò dá a padà sí."

"Bàbá, mi ò wá ìṣó," ni Télọ̀ wí.

"Èmi náà ò tíì sọ pé mo máa mú un," ni Òṣùwọ̀n wí. Gbogbo ilé yíjú sí i. Ó na ọwọ́ sí Télọ̀ lórí tábìlì, ó sì yí àtẹ́lẹwọ́ ńlá náà sókè, bó ṣe ṣe é lọ́jọ́ kìíní. Ó wò ó dáadáa. "Ó ti bá mi mu," ló wí.

"Eré parí," ni Àǹtí Rẹfirí kígbe, "ẹ bọ ara yín lọ́wọ́, ní òótọ́ lọ́tẹ̀ yìí!"

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó. Wọ́n ní etí rẹ̀ tọ́ bí etí rọ́bà. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, Baba Pákó di ọ̀kan nínú báàtì rẹ̀ tuntun tó fúyẹ́ sínú àpótí páálí, ó ní kí Òṣùwọ̀n bá òun kọ àdírẹ́sì òkè òkun sí i. Ó sì fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀: "Mo ti dín orí rẹ̀ kù. Fi í gbá fún ọjọ́ méje, kó o wá kọ òtítọ́ síbí fúnra rẹ. Bàbá rẹ."

Ìṣó keje ṣófo títí di òní. Nọ́ọ̀sì ti wá béèrè báàtì kábọ́ọ̀nù náà lẹ́ẹ̀mẹfà, oníbúrẹ́dì ti bẹ̀bẹ̀ títí. Baba Pákó á fi í pamọ́ sẹ́yìn. Bí Àǹtí bá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ méje ti di ọdún kan, ẹ dá a padà," á ní òun ò tíì mọ̀ ọ́n tán.

Ohun kan náà ló ń sọ bí wọ́n bá bi í léèrè nípa ọkọ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àràárọ̀, kí Télọ̀ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìró méjì la ń gbọ́ ní ẹ̀yìnkùlé náà, "kò" àti "kẹ́n", wọ́n ń dá ara wọn lóhùn.